Ìpara irun níwọ̀n: ìdáhùn fún Ìyá Ìbejì ní Agbowó

Ìyá Ìbejì kan kọ̀wé sí mi láti Agbowó, n’Ìbàdàn. Ó ní irun òun kò ní rìlásà, ó nípọn, ó sì ti ń dé èjìká bí wọ́n bá fà á. Ike kìrímù kan kì í lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń fi jẹ́ẹ̀lì lé kìrímù, ó ń fi òróró lé jẹ́ẹ̀lì, ó tún ń fi edge control lẹ irun iwájú mọ́lẹ̀. Síbẹ̀ irun náà gbẹ, ó ń já, ohun funfun ń jábọ́ láti orí rẹ̀ sí èjìká, irorẹ́ sì ti gba iwájú orí rẹ̀. Onídìrí rẹ̀ ní kó fi kún un. Ọkọ rẹ̀ ní owó ìpara ti fẹ́ ju owó gáàsì lọ. Ìbéèrè rẹ̀ nìyí: “Mà, ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe yẹ kó pọ̀ tó gan-an? Ṣé mo ń ṣahun sí irun mi ni, àbí mo ń lò ó jù? Kí ni kí n sì máa fi sí orí Táyé, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà?”

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ẹdùmàrè á bá wa wò wọ́n. Ẹ ò ṣahun sí irun yín rárá. Ẹ ń lò ó jù ni, ó sì ti pẹ́ tí ẹ ti ń lò ó jù. Ìpara ti pọ̀ lórí irun yẹn débi pé omi ò ráyè dé ibẹ̀ mọ́, omi yẹn gan-an ni irun yín sì ń wá. Màá sọ iye ṣíbí àti iye ìka fún yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí ìpara ń ṣe. Bí ẹ ò bá mọ ìyẹn, lọ́jọ́ tí irun bá tún gbẹ díẹ̀, ọwọ́ yín á padà sínú ike.

Irun tó ti yọ jáde lórí ti kú. Ìdí rẹ̀ tó wà lábẹ́ awọ nìkan ló wà láàyè, ìdí yẹn ló sì ń tì í síta, bíi sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, nígbà míì kì í tó bẹ́ẹ̀ fún irú irun tiwa yìí. Oúnjẹ tí ẹ ń jẹ àti ìlera ara yín ló ń bọ́ ọ. Kò sí ìpara tó ń bọ́ irun, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára ike rẹ̀. Iṣẹ́ ìpara ni kó bo ara ẹ̀yọ irun, kó jẹ́ kó rọ̀, kó má jẹ́ kí omi inú rẹ̀ tètè gbẹ, kí òòyà sì lè gba inú rẹ̀ kọjá láìjẹ́ pé ó já. Bí ìpara bá ti bo ẹ̀yọ irun tán, èyí tó lé kò ní ibòmíràn tó máa lọ ju awọ orí, iwájú orí, ọrùn àti ìrọ̀rí yín lọ.

Ẹ wo kọ̀ǹdíṣọ́nà. Ibi tí irun bá ti gbó, tí òòyà tàbí oòrùn tàbí kẹ́míkà ti ṣí ìpẹ́ wẹ́wẹ́ ara rẹ̀, máa ń ní agbára iná tín-ín-rín kan lára. Èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹdíṣọ́nà ní òdìkejì agbára iná yẹn, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fà mọ́ra. Bí gbogbo ojú ibẹ̀ bá ti gbà á, ó parí nìyẹn. Ẹ lè da odindi ìgò kan lé e, omi ló máa gbé èyí tó kù lọ sí gọ́tà. Mo ti rí àwọn ìyàwó ilé tó ń ra kọ̀ǹdíṣọ́nà olówó gọbọi tí wọ́n ń fún gọ́tà mu báyìí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ó sì máa ń dùn mí, torí owó kékeré kọ́.

Ohun kejì ni òróró. Awọ orí wa ń ṣe òróró tirẹ̀. Lórí irun tó nà gbọọrọ, òróró yìí máa ń rìn dé ṣóńṣó irun. Lórí irun tiwa tó lọ́, kì í lè rìn jìnnà, ìdí irun á lọ́ràá, ṣóńṣó rẹ̀ á gbẹ. Ẹ wá wo ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi ìpara sí: a ó la orí, a ó fi ìka bu ìpara, a ó fi fa ojú ọ̀nà náà láti iwájú dé ìpàkọ́. Ibi tó ti ní òróró tẹ́lẹ̀ la ń fún, ibi tó ń gbẹ la ò fún ní nǹkan kan. Nígbà tí ṣóńṣó bá wá ń já, a ó ní ìpara ò tó.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òróró kì í ṣe omi. Bí irun bá tutù tí ẹ fi òróró díẹ̀ sí i, òróró á bá yín há omi náà mọ́ inú rẹ̀. Bí irun bá gbẹ tí ẹ fi òróró sí i, gbígbẹ yẹn lẹ há mọ́ inú rẹ̀. Irun tí ìpara ti bò mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí ẹ bá wọ́n omi sí i, omi náà á máa yí lórí rẹ̀ bí omi orí ewé kókò, kò ní wọlé. Àdí àgbọn yàtọ̀ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Íńdíà, tó jáde ní ọdún 2003, fi òun, òróró sunflower àti òróró tí wọ́n ń yọ látara epo rọ̀bì wéra. Ti àgbọn nìkan ni wọ́n rí pé ó dín èròjà purotéènì tó ń jáde lára irun kù, yálà wọ́n fi í sí i kí wọ́n tó fọ irun tàbí lẹ́yìn fífọ̀, torí ó lè wọ inú ẹ̀yọ irun. Òun náà, díẹ̀ ni o. Èyí tó ń kán sí ọrùn kò wọ inú irun kankan.

Kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, ẹ wò ó fúnra yín. Kí ẹ tó fọ irun, ẹ mú ìdì irun tín-ín-rín kan níbi ìpàkọ́, ẹ fi èékánná àtàǹpàkò àti ti ìka ìlábẹ̀ há a nítòsí awọ orí, kí ẹ wá fà á jẹ́jẹ́ wá sí ṣóńṣó. Ẹ wo abẹ́ èékánná. Bí ó bá kàn ń dán díẹ̀, kò sí wàhálà. Bí ẹ bá rí ohun kan tó ní àwọ̀ eérú, tó rọ̀, tó ń lẹ̀ mọ́ra, ìpara ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn, pẹ̀lú eruku títì, òógùn àti awọ orí tó ti ṣí. Ó dá mi lójú pé ẹ máa rí i.

Ohun funfun tó ń jábọ́ sí èjìká yín ńkọ́? Oríṣi méjì ló wà, ìtọ́jú wọn ò sì jọra. Ti jẹ́ẹ̀lì máa ń wà lára irun fúnra rẹ̀, pàápàá níbi tí ẹ ti fi òòyà gbá a mọ́lẹ̀. Jẹ́ẹ̀lì máa ń gbẹ di awọ fẹ́lẹ́ lórí irun. Bí ó bá nípọn jù, tàbí tí ẹ fi lé kìrímù tí kò bá a mu, awọ náà á fọ́ wẹ́wẹ́. Ẹ mú díẹ̀ nínú rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ kán omi sí i, kí ẹ fi ìka ra á. Bí ó bá yọ́ tó sì ń lẹ̀, jẹ́ẹ̀lì ni. Ti awọ orí kì í yọ́, abẹ́ irun ló ti ń ṣí wá, orí á sì máa yún yín. Èyí ni àwọn ènìyàn ń pè ní dáńdúrọ́ọ̀fù. Kòkòrò tín-tìn-tín kan tó ń jẹ́ Malassezia wà lórí awọ gbogbo ènìyàn, òróró awọ orí ni oúnjẹ rẹ̀. Bí a bá rí awọ orí tó ń ṣí, tí a ní ó gbẹ, tí a wá ń da òróró sí i ní alaalẹ́, oúnjẹ là ń gbé fún un. Òróró á bo funfun náà mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ kan, àwa á rò pé ó ti lọ, lọ́jọ́ kẹta yóò padà wá.

Irorẹ́ iwájú orí yẹn kò yà mí lẹ́nu. Láti ọdún 1970 làwọn dókítà awọ ara ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé irorẹ́ kan wà tó máa ń jẹ yọ níwájú orí àti ẹ̀bátí àwọn tó ń fi ìpara ọlọ́ràá sí irun, wọ́n sì so orúkọ rẹ̀ mọ́ ìpara náà. Bí ẹ bá dín ìpara kù, tí ẹ ò jẹ́ kó dé ojú, ó máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù mélòó kan. Kí ẹ tó ra ọṣẹ irorẹ́ tí wọ́n ń polówó, ẹ gbìyànjú èyí ná. Aṣọ ìrọ̀rí náà, ẹ máa fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ ó tún un bẹ̀rẹ̀ látorí fífọ̀. Ẹ bu ṣíbí ìmutíì méjì ṣáńpù, ìyẹn bíi mílílítà 10, sínú ike tí ẹnu rẹ̀ rí ṣóńṣó, kí ẹ fi omi là á ní ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ pín irun sí ọ̀nà mẹ́rin, kí ẹ rọ omi sí i dáadáa, omi tó pọ̀, kí ó rin dé awọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi ṣáńpù púpọ̀ dípò omi púpọ̀. Ẹ ki ẹnu ike náà bọ àárín irun, kí ẹ tú u sórí awọ orí, kí ẹ fi ọmọ ìka ra á, ẹ má fi èékánná ha á. Ìfófò tó bá ń ṣàn bọ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣan án ti tó láti fọ gígùn irun. Nítorí ìpara tó wà lórí yín báyìí, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ti àkọ́kọ́ kò ní hó dáadáa, èkejì ni yóò hó. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tàbí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì tó. Ṣáńpù tí ẹ ti fi omi là tó bá ṣẹ́kù, ẹ dà á nù. Bí omi bá ti wọ inú rẹ̀, èròjà tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́ kò lágbára mọ́, kòkòrò lè yà sínú rẹ̀ kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ omi náà ṣe pàtàkì, pàápàá fún wa n’Ìbàdàn tí ọ̀pọ̀ ilé ń lo kànga tàbí bọ́họ̀ọ̀lù. Bí omi ilé yín bá jẹ́ irú èyí tí ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀, èròjà calcium àti magnesium ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ọṣẹ dúdú àti ọṣẹ ìwẹ̀ lásán máa ń bá èròjà wọ̀nyẹn dì, wọ́n á di èérí funfun tó ń lẹ̀ mọ́ irun. Irun á le, kò ní dán, ẹni tó ni ín á sì tún lọ bu ìpara sí i. Èmi fẹ́ràn ọṣẹ dúdú fún ara, ṣùgbọ́n fún irun nínú irú omi bẹ́ẹ̀, ṣáńpù ni kí ẹ lò. Lásìkò òjò, ẹ gbé bókẹ́ẹ̀tì síta lẹ́yìn tí òjò bá ti fọ òrùlé mọ́. Kò sí omi tó dára jù ú lọ fún fífi ṣan irun.

Kọ̀ǹdíṣọ́nà ló kàn. Fún irun tó nípọn tó sì dé èjìká, ṣíbí ìjẹun méjì tó, bíi mílílítà 30. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó wá sí àárín irun, ẹ má fi sí awọ orí. Ẹ fi òòyà eléyín gbàǹgbà yà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè nígbà tí kọ̀ǹdíṣọ́nà ṣì wà lórí rẹ̀, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, kí ẹ sì ṣan án. Fífi sílẹ̀ di òru kò fi nǹkan kan kún un.

Ibi kìrímù ni ẹ ti ń ṣì í lò jù, nítorí náà ẹ jẹ́ ká ṣe é papọ̀. Ẹ fi ògbólògbòó ṣẹ́ẹ̀tì òwú tẹ omi kúrò lára irun, ẹ má fi ra á. Irun gbọ́dọ̀ ṣì tutù, ṣùgbọ́n kó má kán mọ́. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́jọ, kí ẹ sì so méje. Ẹ wo ìka ìlábẹ̀ yín: láti orí rẹ̀ títí dé oríkèé àkọ́kọ́, ìlà ìpara kan tó gùn tó ibẹ̀ jẹ́ bíi ìdajì gíráàmù. Àwọn dókítà awọ ara ti ń fi í wọn ìpara láti bíi ọdún 1991, èmi náà sì rí i pé ó dára fún irun, torí ìka kì í ṣọnù. Méjì irú rẹ̀ ni fún ọ̀nà kan. Ẹ fi ra àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì títí funfun rẹ̀ á fi pòórá, tí ọwọ́ yín á kàn máa dán. Ṣóńṣó ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, ẹ fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ máa gòkè bọ̀. Bó bá ku bíi ìka méjì kí ẹ dé awọ, ẹ dúró. Ẹ wá fi ìka ya á. Bí ìka bá ń kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ti tó. Bí ó bá ń há, omi ni kí ẹ wọ́n sí i kí ẹ tó ronú kan ìpara. Gbogbo orí ò ní gbà ju gíráàmù mẹ́jọ lọ, bíi ṣíbí ìmutíì méjì. Fún ẹni tí irun rẹ̀ kò ju ìka mẹ́rin lọ, ìdajì rẹ̀ tó.

Bí ẹ bá ṣe gbogbo orí tán, ẹ mú tíṣù funfun, kí ẹ fi tẹ irun fún ìṣẹ́jú kan. Bí tíṣù bá tutù díẹ̀, ó dára. Bí òróró bá yọ lára rẹ̀ gbàràmù, ẹ mọ̀ pé lọ́jọ́ mìíràn kí ẹ dín in kù.

Òróró lẹ́yìn kìrímù: ẹ̀kán mẹ́ta fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ní ṣóńṣó nìkan. Bí ẹ bá ń lo òrí, ẹ̀wà kan ni ìwọ̀n rẹ̀ fún ọ̀nà kan, kí ẹ fi ọwọ́ yọ́ ọ títí á fi di òróró kó tó kan irun. Ẹ ò nílò méjèèjì pa pọ̀. Lásìkò ọyẹ́, láti ìparí oṣù kọkànlá wọ oṣù kejì, ẹ lè fi díẹ̀ kún un kí ẹ sì máa wé gèlè tàbí fìlà sátíìnì sórí. Lásìkò òjò ẹ dín in kù.

Jẹ́ẹ̀lì, tó bá jẹ́ dandan, ìka kan fún ìlà irun iwájú, lórí irun tó tutù. Ẹ má fi òmíràn lé èyí tó ti gbẹ. Omi ni kí ẹ fi tún un ṣe, awọ fẹ́lẹ́ náà á rọ̀ padà. Ti edge control, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mọ sí ọjọ́ òde. Èyí tó bá lè dúró lórí ìka ọmọdinrin tó fún ẹ̀bátí méjèèjì. Irun ẹ̀bátí ni ó fẹ́lẹ́ jù lórí, ó sì máa ń pòórá lára ọ̀pọ̀ obìnrin torí dídì tó le. Ẹ wá ń fi búrọ́ọ̀ṣì eyín gbá a mọ́lẹ̀ láràárọ̀ lé e lórí. Mo ti rí ọmọdébìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún tí ẹ̀bátí rẹ̀ ti dán. Bí ibẹ̀ bá ti ń fẹ́lẹ́, ohun tó nílò ni ìsinmi.

Ní ti onídìrí yín, ẹ má bínú sí i. Irun tó gbẹ máa ń le fún un láti là, kìrímù púpọ̀ àti jẹ́ẹ̀lì ló ń jẹ́ kí ìlà dídì mọ́, kó sì dán lójú. Ojú rẹ̀ ń wo bí irun náà ṣe máa rí nígbà tí ẹ bá dìde lórí àga, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin lẹ máa gbé e fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà ni kí wọ́n má gbé odindi ike lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bí onídìrí bá rí ike, ìka mẹ́ta ló máa ki bọ̀ ọ́. Ẹ bu èyí tó tó sínú ìdérí ike láti ilé, kí ẹ sọ pé, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, èyí tí mo bù wá yìí ló máa tó gbogbo orí o.” Ẹ sì fọ irun, kí ẹ fi omi rọ̀ ọ́, kí ẹ ya á kí ẹ tó lọ, kí iṣẹ́ rẹ̀ lè rọrùn. Bí ó bá jẹ́ ṣùkú tàbí kòlẹ́sẹ̀ lásán ló fẹ́ dì fún yín, kò nílò jẹ́ẹ̀lì rárá. Àwọn ìyá wa dì í láìní jẹ́ẹ̀lì, ìlà rẹ̀ sì ń mọ́.

Nígbà tí ẹ bá ń tú irun tí ẹ fi atáṣímẹ́ǹtì dì, ẹ máa rí ohun kan tó ti kó jọ yí ìdí ìdì kọ̀ọ̀kan ká: eruku, ìpara àti irun tó ti re. Lójúmọ́, irun bíi 50 sí 100 ló máa ń re lórí ènìyàn láìsí àìsàn kankan, gbogbo èyí tó re láàárín oṣù kan ló wà níbẹ̀, kí ẹ má bẹ̀rù. Ẹ fi ìka tú kókó yẹn kí omi tó kàn án. Bí omi bá kàn án kí ẹ tó tú u, á dì gan-an, àlùmọ́gàjí nìkan ló máa gbà yín. Níbí ni ẹ ti lè lo òróró díẹ̀ sí i, kí kókó lè yọ̀.

Ẹ ò béèrè rìlásà, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn tó ń ka èyí ń lò ó. Òun nìkan ni mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni fojú wọ̀n. Yálà sodium hydroxide ló wà nínú rẹ̀, tàbí calcium hydroxide tí wọ́n ń po mọ́ guanidine carbonate, ìwọ̀n pH rẹ̀ (ìwọ̀n tó ń sọ bí álíkálì inú rẹ̀ ṣe le tó) máa ń ju 12 lọ, ó lè jó awọ. Irun tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nìkan ni wọ́n ń fi sí, lẹ́yìn bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá, kò gbọdọ̀ kan èyí tó ti gbà á tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n tẹ̀ lé ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára páálí. Bí ó bá ti ń ta yín, ẹ sọ kí wọ́n ṣan án lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ “ẹ fara dà á díẹ̀ sí i” ti dá egbò sí orí ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ó wá kan Táyé. Irun ọmọ ọdún mẹ́fà nílò ohun díẹ̀. Ṣíbí ìmutíì kan ṣáńpù tí ẹ fi omi là, ṣíbí ìjẹun kan kọ̀ǹdíṣọ́nà, kí ẹ pín irun sí ọ̀nà mẹ́rin, kí ẹ fi ìka kan kìrímù sí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Kò sí jẹ́ẹ̀lì, kò sí edge control, kò sì sí rìlásà fún un. Bí ẹ bá fi òwú kó o, kó rọ̀ díẹ̀. Bí ó bá ń ṣojú mìmì nígbà tí ẹ bá ń dì í, ó ti le jù. Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ máa wò lórí òun àti Kẹ́hìndé ni làpálàpá orí: ojú roboto kan tí irun ti já kúrò, tó ń ṣí funfun. Àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń kó o ran ara wọn nípasẹ̀ òòyà, fìlà àti ẹ̀rọ onígbàjámọ̀. Òróró á bò ó lójú yín, kò ní wò ó sàn. Oògùn mímu ni dókítà máa ń fún un, torí ìpara lásán kì í dé ìdí irun níbi tó fara pamọ́ sí. Kí oníkálukú ní òòyà tirẹ̀ nínú ilé.

Ní ti owó: bí ẹ bá ń lo gíráàmù mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ike kìrímù gíráàmù 250 á tó oṣù méje. Ìgò kọ̀ǹdíṣọ́nà mílílítà 250 á lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Nítorí náà ẹ má ra èyí tó tóbi jù torí pé ó dín owó. Ẹ wo ẹ̀yìn ike, ẹ máa rí àwòrán ike kékeré tí wọ́n ṣí, tí wọ́n kọ 6M tàbí 12M sínú rẹ̀; iye oṣù tó lè lò lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí i nìyẹn. Ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀. Kìrímù tí wọ́n bù sínú ọ̀rá tàbí ike tí kò ní àkọlé, yálà ní Bódìjà tàbí ní Dùgbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, ẹ ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Òrí tí ẹ rí i kedere pé òrí ni, ìyẹn dára.

Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, irun lè dà bí ẹni pé ó gbẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí dídán òróró tí ojú yín ti mọ́ ti kúrò lórí rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kàn án, ẹ má fojú nìkan wò ó. Bí awọ orí bá ṣì ń ṣí tó sì ń yún yín, ẹ béèrè ṣáńpù tó ní ketoconazole lọ́wọ́ apòògùn. Awọ orí ni kí ẹ fi sí, fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, kí ẹ tó ṣan án, kí kọ̀ǹdíṣọ́nà sì tẹ̀ lé e lórí gígùn irun. Bí ìyẹn ò bá ṣiṣẹ́ lẹ́yìn oṣù kan, tàbí tí ibì kan bá ń pá, tàbí tí awọ orí bá ń dùn yín, tó ń ṣe omi, ẹ lọ rí dókítà awọ ara. Wọ́n wà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà n’Ìbàdàn. Ẹ tú irun kí ẹ tó lọ, kí ẹ fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí ẹ má sì fi ìpara kankan sí i, kí dókítà lè rí awọ orí yín bó ṣe rí. Ẹ mú gbogbo ike tí ẹ ń lò dání sínú àpò kan, torí ó máa béèrè wọn.